Bí Okùn VGA Ṣe Sọ Àkókò Di Àwòrán

Ní oṣù kẹrin ọdún 1987 ni ilé-iṣẹ́ IBM gbé àwọn kọ̀ǹpútà PS/2 jáde, inú wọn sì ni VGA ti kọ́kọ́ fara hàn, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà fi àwòrán ránṣẹ́ sí mọ́nítọ̀ nípasẹ̀ okùn tí ẹnu rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ 15 ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. CGA ti ọdún 1981 àti EGA ti ọdún 1984 tó ṣáájú rẹ̀ kò mọ̀ ju kí wọ́n tan iná tàbí kí wọ́n pa á lórí wáyà kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí àwọ̀ ti CGA kò fi ju 16 lọ, tí ti EGA kò sì kọjá 64. Ní ti VGA, wáyà mẹ́ta ló wà fún pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, agbára iná inú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè dúró síbikíbi láàárín òdo, tó jẹ́ òkùnkùn, àti fóólítì 0.7, tó jẹ́ ìmọ́lẹ̀ kíkún. Irú àmì tó ń gòkè tó sì ń sọ̀ díẹ̀díẹ̀ báyìí ni à ń pè ní analog.

Àmọ́ wáyà àwọ̀ kì í sọ ibi tí àwọ̀ yóò bọ́ sí. Wáyà méjì mìíràn ló ń ṣe èyí: ọ̀kan ń kéde pé ìlà kan ti parí, èkejì ń kéde pé ojú ìwé ti kún. Nínú mọ́nítọ̀ ẹlẹ́yìn ńlá ayé àtijọ́, ìtànṣán kan máa ń rìn láti òsì sí ọ̀tún bí ọwọ́ ẹni tó ń kọ̀wé, a sì gbọ́dọ̀ fún un láyè láti padà. Nítorí náà, bí àwòrán bá jẹ́ 640 ní ìbú àti 480 ní òró, ọ̀nà 800 ni a ń pín àkókò ìlà kọ̀ọ̀kan sí: 640 fún àwòrán, 16 fún ìsinmi lẹ́yìn rẹ̀, 96 fún àmì ìpadà, àti 48 kí àwòrán ìlà tó kàn tó bẹ̀rẹ̀. Bí 48 yìí bá gùn sí i, àwòrán á yẹ̀ sí ọ̀tún, ohun tó sì fà á nìyí tí mọ́nítọ̀ fi ní bọ́tìnì tí a fi ń tì í sọ́tùn-ún sósì.

Nígbà tí mọ́nítọ̀ pẹlẹbẹ dé, ìṣòro náà le sí i, nítorí pé àwọn písẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ìyẹn àwọn àmì kéékèèké tó ń para pọ̀ di àwòrán, ní ojú ibi tí wọ́n wà, nígbà tí àmì inú okùn kò ní ààlà kankan láàárín písẹ́ẹ̀lì kan àti èkejì. Mọ́nítọ̀ ló gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ ka ìlà náà sí 800. Bí ó bá kà á sí 801, tí a sì fa ìlà òró dúdú àti funfun tín-ín-rín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sójú rẹ̀, ọ̀pá gbòòrò kan tó ṣú bàìbàì á hàn lóòró. Bí ó bá jẹ́ 802, ọ̀pá náà á di méjì. Iye yìí ni a ń tún ṣe lábẹ́ orúkọ Clock nínú ètò mọ́nítọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Phase, tó ń pinnu àkókò gan-an tí a ó wọn agbára iná písẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, torí pé bí a bá wọ̀n ọ́n níbi tí dúdú ti ń yí padà sí funfun, ńṣe ni lẹ́tà á máa gbọ̀n. Clock ni a ń kọ́kọ́ tún ṣe, nítorí pé Phase kò lè wo àìsàn àṣìkà sàn.

Bọ́tìnì Auto ń dá iṣẹ́ méjèèjì ṣe, ó sì ń wá etí àwòrán níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí àwòrán mímọ́lẹ̀ kún ojú mọ́nítọ̀ kí a tó tẹ̀ ẹ́. Etí tó dúdú ń ṣì í lọ́nà.

DVI, tó jáde ní ọdún 1999, ń fi àwọ̀ ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà, ó sì ya wáyà sọ́tọ̀ fún àkókò ìkà náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, Intel àti AMD pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe mọ́nítọ̀ kéde pé àwọn yóò máa fi VGA sílẹ̀. Wáyà àkókò tí DVI ní yẹn kò sí nínú okùn VGA rí, àìsí rẹ̀ ló sì bí bọ́tìnì Auto.