Ráútà ní Ọ́fíìsì Ẹgbẹ́: Bí A Ṣe Ń Tò Ó àti Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ Ọ

Ẹ jẹ́ kí á fi ọ́fíìsì ẹgbẹ́ àwọn tí ń ta àgbọn ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé Kankon ni ọ́fíìsì náà wà, ní ìwọ̀-oòrùn Àgbádárìgì, níbi tí kò jìnnà sí ibodè Sẹ̀mẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni. Kọ̀ǹpútà kan wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ mẹ́ta sì ní fóònù lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ dá owó jọ, wọ́n ra ráútà, wọ́n sì ra dátà tí ó yẹ kí ó tó wọn lò fún oṣù kan. Kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé, dátà ti tán.

Ìyá Alága pe akọ̀wé, ó ní: "Ọmọ mi, owó ẹgbẹ́ dà? Àbí bọ́ọ̀lù lo fi ń wò?"

Akọ̀wé dọ̀bálẹ̀, ó ní: "Màmá, ẹ má bínú. N ò wo bọ́ọ̀lù kankan. Lẹ́tà la fi ń ránṣẹ́, àti ìṣirò ọjà. Èmi náà ò mọ ibi tí dátà gbà lọ."

Òótọ́ ni ọmọ náà sọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà á gbọ́? Ohun tí a kò mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ lè ba orúkọ olóòótọ́ jẹ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á mọ ohun tí ráútà jẹ́, bí a ṣe ń tò ó, àti bí a ṣe ń ṣọ́ ọ.

Kí ni ráútà?

Ẹnikẹ́ni tó ti lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ rí mọ̀ pé òṣìṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tí ń ya lẹ́tà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ń wo àdírẹ́sì, ó sì ń fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan síbi tó yẹ. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ráútà ń ṣe. Ó ń fún kọ̀ǹpútà àti fóònù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí ẹnìkan bá béèrè nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ráútà á gbé ìbéèrè náà jáde. Bí èsì bá dé, á wo nọ́ńbà, á sì fi í fún ẹni tó ni ín. Báyìí ni ènìyàn púpọ̀ ṣe lè lo káàdì síìmù kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé inú àpò kan náà ni gbogbo wọn ti ń ná dátà.

Ọ̀nà wo ni iṣẹ́ tí a rán ń gbà?

Láti inú ráútà, iṣẹ́ tí a rán ń gba inú afẹ́fẹ́ lọ sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí ó bá ń lọ sí òkè òkun, ó ń bọ́ sínú okùn tí a tẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun. Fọ́nrán dígí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí ló wà nínú okùn náà, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń gbé ọ̀rọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Okùn tí a ń pè ní SAT-3 gúnlẹ̀ ní Kùtọ̀nù, ó sì gúnlẹ̀ ní Èkó. MainOne, tó wá láti ilẹ̀ Potogí, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 7,000. Equiano dé Èkó ní 2022.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn mélòó kan já nínú òkun níwájú Abidjan. Íntánẹ́ẹ̀tì dákẹ́ tàbí kí ó máa wọ́ ní Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ẹni tó bá ń tú ráútà rẹ̀ palẹ̀ lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ asán ló ń ṣe.

Bí a ṣe ń tò ó

1. Ẹ ra káàdì síìmù tí a ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè, ìyẹn NIN. Kí gbogbo ẹgbẹ́ mọ ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ gbà á. Ẹ pa ráútà kí ẹ tó ki síìmù bọ̀ ọ́.

2. Ẹ gbé ráútà sí ibi gíga, nítòsí fèrèsé tó kọjú sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n kí òjò má lè tà sí i. Ẹ má gbé e sílẹ̀, ẹ má sì gbé e sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù onírin. Irin àti páànù kì í jẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé dáadáa.

3. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ráútà. Ẹ ó rí ìwé pélébé kan tí a lẹ̀ mọ́ ọn. Orúkọ Wi-Fi rẹ̀ àti pásíwọ́ọ̀dù, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣílẹ̀kùn, wà níbẹ̀. Ẹ fi wọ́n so fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mọ́ ọn.

4. Nọ́ńbà kan tún wà lórí ìwé náà, bíi 192.168.0.1, tàbí 192.168.1.1, tàbí 192.168.8.1. Ẹ tẹ nọ́ńbà náà síbi tí ẹ máa ń tẹ àdírẹ́sì sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Inú ètò ráútà ni yóò ṣí.

5. Ẹ wo ibi tí a kọ APN sí. Èyí ni orúkọ ẹnu ọ̀nà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ń gbà wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Ráútà sábà máa ń mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ti MTN ilẹ̀ wa ni web.gprs.mtnnigeria.net, ti Airtel sì ni internet.ng.airtel.com. Àmì kan kò gbọdọ̀ ṣì.

6. Ẹ pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù méjèèjì. Méjì ni wọ́n o! Ọ̀kan ń ṣí Wi-Fi, èkejì ń ṣí ètò ráútà fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pààrọ̀ ti àkọ́kọ́, wọ́n á sì gbàgbé èkejì. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó lẹ́tà 12 ó kéré tán, kí ó má sì jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́. Níbi tí wọ́n bá ti béèrè irú ààbò, ẹ mú WPA2 tàbí WPA3. Ẹ kọ pásíwọ́ọ̀dù sínú ìwé kan, kí ẹ tì í mọ́ inú àpótí. Ẹ má kọ ọ́ sára ògiri.

Ọ̀rọ̀ àwa tí a wà nítòsí ààlà

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró ní ibodè fi páálí ìrìnnà hàn. Òpó tó wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lè tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ráútà kò bá rí òpó Nàìjíríà dáadáa, ó lè lọ so mọ́ ti Bẹ̀nẹ̀. Wọ́n lè gba owó àlejò lọ́wọ́ yín, tàbí kí íntánẹ́ẹ̀tì má ṣiṣẹ́ rárá. Nínú ètò ráútà, ẹ wá ibi tí a kọ "roaming" sí, kí ẹ pa á. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ ara yín yan nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà ni ẹ rí dípò orúkọ, 621 ni ti Nàìjíríà fi ń bẹ̀rẹ̀, 616 ni ti Bẹ̀nẹ̀.

Bí kò bá ṣiṣẹ́ ńkọ́?

Ẹ kọ́kọ́ wo iná ara rẹ̀. Bí kò bá tàn, ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni. Bí iná bá tàn tí íntánẹ́ẹ̀tì kò sì wá, ẹ wo bóyá dátà ti tán. Bí dátà bá wà, ẹ yọ síìmù, kí ẹ fi í sínú fóònù. Bí kò bá ṣiṣẹ́ nínú fóònù náà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló níṣòro. Ẹ ní sùúrù. Bí ó bá ṣiṣẹ́ nínú fóònù, ẹ padà lọ yẹ APN wò.

Ibi tí dátà ẹgbẹ́ gbà lọ

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ Ìyá Alága àti akọ̀wé. Àwọn méjèèjì jọ ṣí ètò ráútà. Ibì kan wà níbẹ̀ tó ń fi orúkọ gbogbo ẹ̀rọ tó so mọ́ ráútà hàn. Kọ̀ǹpútà kan àti fóònù mẹ́ta, mẹ́rin péré ni ti ọ́fíìsì. Mọ́kànlá ni wọ́n kà. Ta ni ó ni méje ìyókù? Àwọn ọ̀dọ́ tí ń jókòó lábẹ́ igi lẹ́yìn ilé ni. Pásíwọ́ọ̀dù tó wà lórí ìwé pélébé ni ọ́fíìsì ṣì ń lò. Ọ̀kan nínú wọn wọlé wá mu omi, ó sì rí i. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀.

Ìyá Alága ní: "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má bínú. Mo ti fura sí ọ lásán."

Akọ̀wé dáhùn pé: "Kò tọ́pẹ́, Màmá. Ẹ̀bi tèmi náà ni; ó yẹ kí n ti pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́."

Láti ọjọ́ náà, akọ̀wé ń ka iye ẹ̀rọ tó so mọ́ ráútà ní gbogbo ọjọ́ Ajé, ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú iye dátà tó kù. Ìyá Alága ń fọwọ́ sí i. Owó ẹgbẹ́ ń pé, orúkọ akọ̀wé náà sì mọ́.

Ìbéèrè

1. Iṣẹ́ ta ni a fi wé iṣẹ́ ráútà?
2. Pásíwọ́ọ̀dù mélòó ni ó yẹ kí á pààrọ̀? Kí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣí?
3. Kí ló dé tí ẹni tó wà nítòsí ààlà fi gbọdọ̀ pa "roaming"?
4. Báwo ni Ìyá Alága ṣe mọ̀ pé akọ̀wé kò purọ́?