Ìjàyè Orílé: Ìlú tó figagbága pẹ̀lú Ìbàdàn rí

Ẹni tó bá gba Mọ́níyà lọ sí Ìsẹ́yìn yóò kan Ìjàyè Orílé lójú ọ̀nà, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Ìlú kékeré ni, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ibẹ̀ ń ṣe. Àlejò tí kò bá béèrè kò ní í mọ̀ pé ìlú yìí àti Ìbàdàn jọ ń du ipò aṣáájú nílẹ̀ Yorùbá nígbà kan.

Ìlú Ẹ̀gbá ni Ìjàyè tẹ́lẹ̀. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun tú Ọ̀yọ́ Ilé ká, Kúrunmí àti àwọn jagunjagun láti ilẹ̀ Ọ̀yọ́ gba ìlú náà, wọ́n sì fi ṣe ibùdó. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó, ó fi Kúrunmí jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ó sì fi Olúyọ̀lé ti Ìbàdàn jẹ Baṣọ̀run. Àwọn méjèèjì ló pín ààbò ilẹ̀ náà láàárín ara wọn.

Òkìkí Ìjàyè kàn débi pé àwọn òyìnbó ajíhìnrere wá á gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní ọdún 1853. Bowen, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, wà lára wọn. Ní ọdún 1858 ni ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tó kọ jáde.

Ọdún 1859 ni Àtìbà wàjà. Àṣà ni pé kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ kú, ṣùgbọ́n Àtìbà ti ṣètò pé kí Adélù ọmọ òun jọba. Ìbàdàn gbà bẹ́ẹ̀. Kúrunmí kọ̀ jálẹ̀, ó ní àwọn kò gbọdọ̀ ba àṣà jẹ́. Báyìí ni ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Àwọn Ẹ̀gbá gbèjà Ìjàyè, àmọ́ Ìbàdàn dí ọ̀nà oko mọ́ ìlú náà, ebi sì pa àwọn ará ibẹ̀ gidigidi. Kúrunmí kú ní 1861. Ní oṣù kẹta ọdún 1862, ìlú fọ́.

Àwọn tó sá àsálà dé Abẹ́òkúta rí ilẹ̀ gbà níbẹ̀, àdúgbò wọn sì ń jẹ́ Ìjàyè títí dòní. Ó pẹ́ kí àwọn èèyàn tó tún padà dó sí ìlú tó tú náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Orílé, nítorí ibẹ̀ ni orírun àwọn tó ti fọ́n ká.

Ọlá Rotimi fi ìtàn yìí ṣe eré Kúrunmi, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti kà. Ṣùgbọ́n ìwé eré kò lè fi ojúbọ, ojú odi ìlú àti ibojì àwọn akọni han ọmọdé. Láti 2021 ni ọkọ̀ ojú irin Èkó ti ń dé Mọ́níyà, ilé àwọn ará Ìbàdàn sì ń sún sókè. Bí àwọn àgbà Ìjàyè kò bá tọ́ka sí àwọn ibi wọ̀nyí kí wọ́n sì sàmì sí wọn báyìí, àwọn kátapílà yóò kọjá lórí wọn láìmọ̀. Ọmọ tó bá sọ ilé nù, ó so àpò ìyà kọ́.