Bí a ṣe ń ka ara táyà: ọ̀rọ̀ nípa ẹsẹ̀ jíìpù àti ọ̀nà oko Rẹ́mọ

Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní fonọ́lọ́jì láyé ìgbà kan fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́sẹ̀ tó kọjá. Prado ọdún 2006 ni, dúdú, ó ń dán yanran. Ó ní, "Prof, ẹ kú àsìkò yìí, sà. Táyà rẹ̀ ti jẹ tán. Mo fẹ́ yọ gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀, kí n fi ríìmù 20 sí i, kó lè dà bíi tuntun. Àmọ́ mo fẹ́ máa gbé e lọ sóko bàbá mi náà. Kí lẹ rí sí i?" Èmi ló bi nítorí ó mọ̀ pé irú ọkọ̀ yìí ni mò ń wà láti ọjọ́ pípẹ́, àti pé mo ní oko gbànja díẹ̀ lẹ́yìn Ṣàgámù, tí ọ̀nà ibẹ̀ kò mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀dà.

Èsì mi gùn. Nígbà tí mo kà á tán, mo ní ẹ̀yin yòókù náà lè fẹ́ gbọ́ ọ, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń ra jíìpù nísinsìnyí tí ẹ kì í bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo mọ̀ jù, ìyẹn kíkà. Ara táyà, ìwé ni. Bẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ síbi ẹsẹ̀ Prado bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí 265/65R17 112S. 265 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. 65 kì í ṣe mìlímítà o! Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni: gíga ẹ̀gbẹ́ táyà, láti etí ríìmù dé ibi tó ń fara kan ilẹ̀, jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ rẹ̀, ìyẹn bíi mìlímítà 172. R ń sọ bí wọ́n ṣe to okùn inú rẹ̀: okùn náà gba tààrà láti etí kan dé èkejì. 17 ni ìbú ríìmù, ínṣì sì ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Mìlímítà, ìdá ọgọ́rùn-ún, ínṣì, nínú gbólóhùn kan ṣoṣo! Bí akẹ́kọ̀ọ́ mi bá kọ irú nǹkan báyìí wá, bírò pupa ni màá mú.

Ìparí rẹ̀ làwọn èèyàn kì í kà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ló le jù. 112 ni ẹrù tí táyà kan lè gbé. Kì í ṣe kílò 112, àmì ni, ohun tó dúró fún sì ni kílò 1,120. S ni eré tó lè fara dà pẹ̀lú ẹrù yẹn, kìlómítà 180 ní wákàtí kan. Bí lẹ́tà yẹn bá jẹ́ Q, 160 ni. Bó bá jẹ́ H, 210. Ẹ ò gbàgbé bí mo ṣe máa ń pariwo lórí ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀: àmì kékeré ló pààlà sáàárín ọkọ ìyàwó àti ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń jagun. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ táyà rí. Ẹni tó bá wọ ọjà tó kàn sọ pé òun ń fẹ́ "táyà seventeen" kò tíì sọ nǹkan kan.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ríìmù 20. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ṣe ọkọ̀ yìí, gbogbo gíga ẹsẹ̀ rẹ̀, táyà àti ríìmù papọ̀, jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 776. Orí gíga yẹn ni wọ́n ti ṣírò jíà, bíréèkì àti aago tó ń ka eré. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ríìmù 20 tí gíga yẹn kò sì ní yí padà, táyà 265/50R20 lẹ máa rà, èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 773. Ó bá a mu, àbí? Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà. Ó ti wálẹ̀ láti 172 sí 132. Bẹ́ ẹ bá wá sọ̀ kalẹ̀ sí ríìmù 16 pẹ̀lú 265/70R16, àpapọ̀ náà jẹ́ 777, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ga tó 185. Ẹsẹ̀ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gíga kan náà, ṣùgbọ́n bí irin ṣe ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀ ni rọ́bà àti atẹ́gùn ń dín kù.

Atẹ́gùn yẹn ló sì gbé ọkọ̀ dúró. Nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá já sí kòtò, ẹ̀gbẹ́ táyà ló máa ń tẹ̀, tí á gba ìyà náà jẹ, tí á sì padà nà. Bí ẹ̀gbẹ́ náà bá kúrú, àyè àtitẹ̀ kò sí; etí ríìmù á ká rọ́bà mọ́ etí kòtò, á fún un pọ̀ bí ìgbà téèyàn fi ilẹ̀kùn há ìka. Okùn inú rẹ̀ á já. Nígbà mìíràn ríìmù náà á ká kò. Bó bá jẹ́ okùn nìkan ló já, lọ́jọ́ kejì ẹ máa rí i pé kókó kan wú síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Kò sí oògùn fún kókó yẹn, kí fọkanáísà kankan má tàn yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣàgámù mọ irú kòtò tí mò ń sọ, àwọn tí omi òjò ń bò tí wọ́n ń dà bí adágún lásán.

Nítorí náà, èsì mi fún ọmọ yìí ni pé kó fi ríìmù 17 rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá ní ríìmù 18 lára ọkọ̀ tirẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ sí 17, bí ríìmù náà bá ti lè kọjá lára bíréèkì láì gbá a. Bẹ́ ẹ bá sì máa ra ríìmù rárá, nọ́ọ̀tì mẹ́fà tó pé kò tó. Lára Prado, ìbú òbìrìkìtì tí ojú nọ́ọ̀tì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tò sí jẹ́ mìlímítà 139.7, ihò àárín sì jẹ́ 106.1. Ihò tó bá tóbi jù ú lọ, nọ́ọ̀tì nìkan ló kù tó di ẹsẹ̀ mú, ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n. Ẹ bèèrè nọ́ọ̀tì pẹ̀lú: ti alúmíníọ̀mù tó bá ọkọ̀ wá láti ilé-iṣẹ́ pẹlẹbẹ nídìí, ọ̀pọ̀ ríìmù ọjà ló ń fẹ́ èyí tí ìdí rẹ̀ rí ṣóńṣó. Ọ̀kan kò lè dúró fún èkejì.

Àwọn kan fẹ́ kí táyà ga sí i, kó lè "dúró bí ọkùnrin". Bẹ́ ẹ bá lọ sí 265/70R17, gíga rẹ̀ á di 803. Kò burú, ó máa ń wọlé lára ọ̀pọ̀ Prado. Ṣùgbọ́n nígbà tí aago bá ń sọ pé 100, eré yín ti lé ní 103. Bẹ́ ẹ bá gbé 285/70R17, tó jẹ́ 831, eré á di 107 nígbà tí aago ṣì ń pè é ní 100. Táyà á máa ha abẹ́ ọkọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá yí sítíárìn dópin, ẹ́ńjìnnì á máa jẹ epo sí i, bíréèkì á sì máa ṣiṣẹ́ tó ju agbára rẹ̀ lọ. Pẹ̀lú iye tí epo jẹ́ báyìí, ẹ ro ó dáadáa.

Ó wá ku irú ojú tí táyà ní. H/T ni ti ọ̀dà, ojú rẹ̀ jọ ti kaá kékeré. M/T ni ti ẹrẹ̀, eyín rẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n, àlàfo àárín eyín fẹ̀ kí ẹrẹ̀ lè máa já bọ́. A/T ló wà láàárín méjèèjì. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn M/T nítorí ìrísí rẹ̀. Èmi kò gbà á níyànjú fún ẹni tó ń gbé Rẹ́mọ. Ìdí nìyí. Oko mi kò ju ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù tí mo ń lọ, ṣùgbọ́n mo wà lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lórí ọ̀dà tó tutù, rọ́bà tó ń fara kan ilẹ̀ nídìí M/T kéré, bíréèkì sì máa ń gùn kó tó mú. Ariwo rẹ̀ ńkọ́? Ẹ ò ní gbọ́ ohun tí ẹni tó jókòó tì yín ń sọ láti Ṣàgámù dé Ìbàdàn. A/T gbé mi kọjá ilẹ̀ amọ̀ oko mi lóṣù Okúdù, ó sì mọ ìwà hù lórí ọ̀dà. Ẹni tí jíìpù rẹ̀ kì í kúrò lórí ọ̀dà rárá, H/T ni kó rà, kó má tijú.

Lára A/T, ẹ tún máa rí àwọn kan tí wọ́n kọ LT síwájú nọ́ńbà wọn, bíi LT265/70R17 121/118S. Táyà ọkọ̀ akẹ́rù ni. Ó nípọn, òkúta kì í tètè la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó lè gbé kílò 1,450. Ṣùgbọ́n ó wúwo, ó le bí pákó, atẹ́gùn tó ń fẹ́ sì pọ̀ ju èyí tí wọ́n kọ sára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Bí kì í bá ṣe pé ẹ̀ ń kó yangí tàbí símẹ́ǹtì, ẹ fi í sílẹ̀.

Màrún-ún ni kẹ́ ẹ rà, ẹ má rà mẹ́rin. Prado yìí ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wa ara rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ọ̀kan bá ga ju àwọn yòókù, jíà àárín á máa ṣiṣẹ́ láìsinmi títí tí á fi jẹ. Ṣùgbọ́n ìdí kejì ló mú mi jókòó kọ gbogbo èyí, n kò sì fẹ́ràn láti máa sọ ọ́.

Ní 2014, èmi àti ìyàwó mi ń lọ sí Ìbàdàn fún ìgbéyàwó. Mo ti jo páńṣà lóko láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì fi táyà àpamọ́ tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ rọ́pò rẹ̀. Táyà tó bá ọkọ̀ náà wá ni, kò tíì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ rí, irun wẹ́wẹ́ tí rọ́bà tuntun máa ń ní ṣì wà lójú rẹ̀. Inú mi dùn pé mo ní táyà tuntun. Ká tó kọjá Ògèrè, ó bẹ́. Ọkọ̀ yí lọ sínú koríko àárín ọ̀nà, tírélà kan sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pẹ̀lú fèrè lẹ́nu. Apá ìyàwó mi ṣẹ́ sí méjì. Títí dòní, bí ọyẹ́ bá mú, ó ń dùn ún.

Èmi ni mo wà nídìí ọkọ̀, n kò lẹ́ni tí màá bá wí. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo gbé tọ́ọ̀ṣì lọ wo àkúfọ́ táyà náà. Lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin máa ń wà níparí: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Tiwa kà báyìí: 0903. Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ọdún 2003. Ọdún mọ́kànlá ni oòrùn ti ń sá a lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Rọ́bà ń gbó bó bá ń rìn, bí kò sì rìn, á ṣì gbó. Ooru àti atẹ́gùn ń gbẹ òróró ara rẹ̀ títí tí á fi gan, tí okùn inú rẹ̀ kò ní lẹ̀ mọ́ ọn mọ́. Ojú kò lè rí i. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC máa ń kìlọ̀ pé kí táyà má kọjá ọdún mẹ́rin sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ìṣirò yẹn ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó jáde ní ilé-iṣẹ́, ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á kò kàn án.

Ẹ wá wo ti táyà tòkunbọ̀. Òfin kọ kíkó irú rẹ̀ wọlé fún ọkọ̀ bíi tiwa, síbẹ̀ ó kún ọjà. Nígbà tí Michelin ń ṣe táyà ní Port Harcourt, tí Dunlop ń ṣe tirẹ̀ ní Ìkejà, èyí tí wọ́n ṣe nílé ń bẹ fún ẹni tó bá fẹ́ tuntun. Michelin pa tirẹ̀ tì ní 2007, kò sì pẹ́ tí Dunlop náà dáwọ́ dúró. Mo mọ̀ pé owó kò sí. Ṣùgbọ́n táyà tí wọ́n ti ha nọ́ńbà DOT rẹ̀ kúrò, tàbí tí wọ́n kùn dúdú kó lè dán, ẹ má rà á bí wọ́n bá tilẹ̀ fẹ́ fi ta yín lọ́rẹ. Lára tuntun pàápàá, nọ́ńbà mẹ́rin yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, kẹ́ ẹ tó béèrè iye. Ẹ ṣọ́ra: nígbà mìíràn ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, ó sì lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́ inú ni fọkanáísà kọ ọ́ sí. Ẹ ní kó yí i síta.

Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn ló kù. Bẹ́ ẹ bá wọ ẹrẹ̀ tàbí iyanrìn, ẹ lè dín in kù díẹ̀ kí ojú táyà lè tẹ́ sílẹ̀. Ó ti yọ mí lóko lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó padà sórí ọ̀dà, ẹ dá a padà. Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kò tó máa ń tẹ̀ ní gbogbo ìyípo, á gbóná, ooru yẹn ló sì ń bẹ́ ẹ. Àwọn fọkanáísà wa máa ń fi ìka tẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní "ó ti le, Bàbá". Ẹ ra géèjì tiyín, kẹ́ ẹ sì wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn.

Ọmọ náà dáhùn lálẹ́ ọjọ́ tí mo kọ̀wé sí i. Ó ní òun ti san ìdajì owó ríìmù 20 náà, sà, ẹ má bínú. Mo ní kó lọ gba owó rẹ̀ padà, kó fi kún ti táyà A/T 265/65R17 màrún-ún. Mo tún ní kó lọ sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, kó ka nọ́ńbà mẹ́rin ara táyà àpamọ́ fún mi. Lówùúrọ̀ yìí ló fi í ránṣẹ́: 1411.