Ẹ má kánjú pààrọ̀ àga ọmọ inú mọ́tò, owó ńlá ló ń bá a lọ

Bí ọmọ tuntun bá dé sínú ẹbí kan ní Ìlúpéjú-Èkìtì báyìí, tí ẹbí náà sì léèyàn ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí l'Amẹ́ríkà, ẹrù tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ láti òkè òkun kì í mọ sórí aṣọ, bàtà àti mílíìkì nìkan mọ́. Àga ọmọ inú mọ́tò, èyí tí kálukú ń pè ní káà síìtì, ti wà lára rẹ̀. Àwọn tí kò léèyàn lókè òkun náà ń rà á, pàápàá láti ìgbà tí yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti dé sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì tó múlé gbè wọ́n lọ́dún 2011, tí àwọn òṣìṣẹ́ tó ní mọ́tò sì ń pọ̀ sí i láti Ọ̀yẹ́ títí dé Ìkọ̀lé. Ọwọ́ àwọn tó ń ta ọjà tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń rà á.

Rírà rẹ̀ nìkan kọ́ ló ṣòro. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú ni ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbé ọmọ kúrò nínú àga kékeré lọ sínú èyí tó tẹ̀ lé e. Bí ọmọ bá ṣe ọjọ́ ìbí ọdún kan, ìyá á ní ó ti dàgbà, kí wọ́n jẹ́ kó máa wo iwájú bíi tàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí bàbá bá rí i pé ẹsẹ̀ ọmọ ti ń kan ẹ̀yìn ìjókòó, òun náà á ní àga ti kéré, kí wọ́n gbé e fún àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Kí wọ́n tó mọ̀, wọ́n ti ń wá owó àga míì kiri, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó wà nílẹ̀ kò tíì ṣe ìdajì iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ rà á. Ìkánjú yìí ń jẹ owó, ó sì lè jẹ ẹ̀mí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó náà

Ká mú àga kan tó jẹ́ 100 dọ́là l'Amẹ́ríkà. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bíi 460 náírà ni dọ́là kan lójú pátákó ìjọba. Ìyẹn ni pé àga náà kò ju nǹkan bíi 46,000 náírà lọ. Nínú oṣù kẹfà ọdún náà nìjọba jọ̀wọ́ náírà kó máa wá iye tirẹ̀ lọ́jà. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, dọ́là kan ti lé ní 1,500 náírà. Àga kan náà, tẹ́nikẹ́ni kò fi kún un, tẹ́nikẹ́ni kò yọ kúrò nínú rẹ̀, ti di 150,000 náírà ó lé, láìtíì ka owó tí wọ́n fi gbé e wá àti èrè ẹni tó tà á.

Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ sọ di òfin ní oṣù keje ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ẹni tó ń gba iye yẹn yóò ṣiṣẹ́ ju oṣù méjì lọ kó tó lè ra àga yìí, bí kò bá tiẹ̀ jẹun, tí kò wọkọ̀, tí kò sì sanwó ilé. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí òbí mọ ìgbà tí àga tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì wúlò, àti ìgbà tó ti kún lóòótọ́.

Ìdí tí ọmọ fi gbọ́dọ̀ kọjú sẹ́yìn

Àwọn ìyá wa mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ìyá tó bá pọn ọmọ tuntun kì í jẹ́ kí orí rẹ̀ máa mì dirodiro, ọ̀já ló máa fi gbé e ró, nítorí ó mọ̀ pé ọrùn ọmọ kò tíì le. Orí ọmọ tuntun tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo gígùn ara rẹ̀, nígbà tí ti àgbàlagbà kò ju ìdá kan nínú méje tàbí mẹ́jọ lọ. Ẹrù ńlá nìyẹn lórí ọrùn tí egungun rẹ̀ ṣì rọ̀.

Bí mọ́tò tó ń sáré 50 kìlómítà láàárín wákàtí kan bá forí sọ nǹkan tó sì dúró lójijì, agbára tó máa ti èèyàn síwájú dà bí ìgbà tónítọ̀hún já bọ́ láti ibi tó ga tó mítà mẹ́wàá, ìyẹn bí òkè ilé alájà mẹ́ta. Bí ọmọ bá kọjú síwájú, bẹ́líìtì yóò di àyà rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ yóò fò síwájú, ọrùn ni yóò sì gbé gbogbo ìyà náà. Bó bá kọjú sẹ́yìn, inú àga ni ẹ̀yìn, ọrùn àti orí rẹ̀ yóò rọ̀ mọ́ pọ̀, àga ni yóò sì gba ìjàǹbá náà fún un.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Bertil Aldman, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ló ronú kan àga tó kọjú sẹ́yìn yìí láwọn ọdún 1960, lẹ́yìn tó rí bí wọ́n ṣe ń mú kí àwọn awòràwọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà fẹ̀yìn lélẹ̀ kí agbára ọkọ̀ wọn má baà ṣe wọ́n léṣe. Ní Sweden di òní, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń kọjú sẹ́yìn títí wọ́n fi tó ọmọ ọdún mẹ́rin. Àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó l'Amẹ́ríkà ní àga ọmọ ń dín ewu ikú kù ní ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, àti ìdá 54 fún ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin.

Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ni kẹ́ ẹ wò

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé l'Amẹ́ríkà, American Academy of Pediatrics, fìgbà kan sọ pé bí ọmọ bá ti pé ọdún kan tó sì wọn 20 páùn, ó lè máa wo iwájú. Lọ́dún 2011, wọ́n ní ó di ọmọ ọdún méjì. Lọ́dún 2018, wọ́n yọ ọjọ́ orí kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà pátápátá. Ohun tí wọ́n ń sọ báyìí ni pé kí ọmọ máa kọjú sẹ́yìn títí yóò fi wúwo tàbí ga dé ibi tí ilé iṣẹ́ tó ṣe àga náà kọ sára rẹ̀.

Ohun tó máa ran ìyá ọmọ Ìlúpéjú lọ́wọ́ ti wà nílé. Nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá gbé ọmọ lọ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, pàápàá ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n, kó sì kọ kílò rẹ̀ sínú káàdì. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn wé èyí tó wà lára àga.

Àga ìkókó tó ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbé e, èyí tí wọ́n ń ṣe nílẹ̀ Yúróòpù, máa ń gba ọmọ títí dé kílò 13. Ọmọ ọdún kan kì í sábà ju kílò mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá lọ. Ẹ ò rí i pé ọjọ́ ìbí nìkan kò tó ìdí láti pààrọ̀ àga. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún tàwọn ará Amẹ́ríkà, páùn ni wọ́n fi ń kọ tiwọn, kì í ṣe kílò. Páùn 22 kò ju kílò mẹ́wàá lọ. Ẹni tó bá rí 22 lára àga, tó rò pé kílò ni, yóò fi ọmọ sínú àga tí kò lè gbé e mọ́.

Àmì kejì ni orí. Gíga ọmọ máa ń kún àga kí ìwọ̀n rẹ̀ tó kún un. Bí àtàrí ọmọ bá ti fẹ́ bá etí àga dọ́gba, tí kò ju ìwọ̀n ìka àtàǹpàkò kan lọ tó ṣẹ́ kù lókè, àga ìkókó ti kún nìyẹn. Ti ẹsẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá. Ọmọ lè ká ẹsẹ̀ kò, ó lè là á, kò ní nǹkan kan tó ń dùn ún.

Bí àga ìkókó bá kún, ìyẹn kò ní kẹ́ ẹ yí ọmọ síwájú. Àga ńlá tó ṣeé kọ sẹ́yìn tó tún ṣeé kọ síwájú lẹ máa gbé e sí, kó sì tún máa wo ẹ̀yìn níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú àga bẹ́ẹ̀ ló ń gba ọmọ tó ń wo ẹ̀yìn títí dé kílò 18. Nígbà tíyẹn náà bá kún lẹ máa tó yí i síwájú pẹ̀lú okùn àyà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni tìmùtìmù tó ń gbé ọmọ ga tí bẹ́líìtì mọ́tò yóò fi ba èjìká àti itan rẹ̀ dáadáa. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní kó wà lórí rẹ̀ títí yóò fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 145. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2006 ní sẹ̀ǹtímítà 135 tàbí ọdún 12, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé.

Àwa máa ń rò pé ìgbéga ni bí ọmọ bá kúrò nínú àga kan lọ sí òmíràn, bí ìgbà tó gba kíláàsì kan bọ́ sí òmíràn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé e kúrò níbi tó wà, ààbò rẹ̀ ń dín díẹ̀ ni. Bó bá ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ ló ṣe sàn fún un tó, òun náà ló sì sàn fún àpò yín.

Ẹ yẹ tòkunbọ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó

Kò sí ohun tó burú nínú àga tí wọ́n ti lò rí bẹ́ ẹ bá mọ ibi tó ti wá. Àga tí àǹtí yín fi gbé ọmọ tiẹ̀ ní Manchester, tí kò bá a wọ inú ìjàǹbá kankan, sàn ju èyí tó ń dán gbinrin lọ́jà tẹ́nikẹ́ni kò mọ ìtàn rẹ̀. Àga tó bá ti wà nínú mọ́tò tó ní ìjàǹbá ńlá kò ṣeé lò mọ́, ojú lásán kò sì lè rí ibi tó ti sán.

Bẹ́ ẹ bá dé ọjà, ẹ dojú àga dé. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tó máa parí iṣẹ́ lára ike ìdí rẹ̀ tàbí lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń fún àga tiwọn ní ọdún mẹ́fà sí mẹ́wàá, nítorí oòrùn àti ooru inú mọ́tò ń mú kí ike gbó. Èyí tó ti ilẹ̀ Yúróòpù wá yẹ kó ní ìwé aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n kọ lẹ́tà E sí. Ẹ fa okùn rẹ̀ wò, kẹ́ ẹ de ìdè rẹ̀, kẹ́ ẹ sì tú u. Èyí tí wọ́n bá ti ya ìwé ara rẹ̀, tí wọ́n gé okùn rẹ̀ tàbí tí wọ́n fi aṣọ míì rán an, ẹ fi sílẹ̀ fún olówó rẹ̀, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Ẹni tí kò tíì rà rárá sì lè fi ọgbọ́n sá fún àga kan. Dípò àga ìkókó tí kò ní pẹ́ kún, ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín tó fẹ́ ra ẹ̀bùn pé àga tó ń gba ọmọ láti ọjọ́ tí wọ́n bí i, tó tún ṣeé yí síwájú tó bá yá, lẹ ń fẹ́. Owó àga kan lẹ máa ná níbi tí ẹlòmíì ti ń ná owó méjì. Àyàfi pé kì í ṣeé gbé kiri bíi ti ìkókó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wọ takisí ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ òbí ní Ìlúpéjú ni kò ní mọ́tò. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdó-Èkìtì, takisí ni wọ́n máa wọ̀ gba Ọ̀yẹ́ àti Ìfàkì. Kò sí òbí tí ọwọ́ rẹ̀ lágbára tó láti di ọmọ mú tí mọ́tò bá dúró lójijì, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí kò ní yín lówó. Ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ jókòó sí, kì í ṣe iwájú, ó ṣe tán, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ti ń kìlọ̀ tipẹ́ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 kò gbọdọ̀ jókòó síwájú. Ẹ de bẹ́líìtì tiyín, kẹ́ ẹ má sì fi bẹ́líìtì kan náà de ara yín àti ọmọ pọ̀, nítorí ara yín ni yóò tẹ ọmọ mọ́lẹ̀. Ẹ má fẹ̀yìn ti ìjókòó pẹ̀lú ọmọ tẹ́ ẹ pọ̀n. Bẹ́ ẹ bá ní àga, ẹ gbé e dání, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni bẹ́líìtì ìjókòó ẹ̀yìn lè dè, bí awakọ̀ kò bá ti tẹ bẹ́líìtì náà bọ abẹ́ ìjókòó. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó wọlé.

Fún àwọn tó ní mọ́tò tiwọn, ọ̀kan ṣì kù. Àga tó kọjú sẹ́yìn kò gbọ́dọ̀ wà níwájú mọ́tò tó ní airbag tó ń ṣiṣẹ́. Bí airbag bá bẹ́, ẹ̀yìn àga ni yóò gbá, orí ọmọ ló sì wà níbẹ̀.

Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bẹ́ ẹ bá ti ka ìwé yìí tán, ẹ mú káàdì ọmọ jáde, ẹ wo kílò tó wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì lọ wo nọ́ńbà tó wà lábẹ́ àga tó wà nínú mọ́tò yín. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí i pé kò tíì sí ìdí tó fi yẹ kẹ́ ẹ náwó kankan.