Bí ìròyìn ò bá dé, ewu ni. Bí irọ́ bá ṣáájú rẹ̀ dé, ewu ńlá ni

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin àgbà wa, ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè kan bẹ̀rẹ̀ tòní. Ká ní ibà líle mú ọmọ yín ní aago méjì òru, ta lẹ máa pè? Ọ̀pọ̀ nínú yín á ní nọ́ọ̀sì àdúgbò ni, àwọn mìíràn á ní ẹ̀gbọ́n àwọn tó ní mọ́tò ni. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ká ní kò sí fóònù rárá ńkọ́? Ká ní ọsibítù tó sún mọ́ yín jù, ọkọ̀ ojú omi lẹ máa wọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kẹ́ ẹ tó débẹ̀ ńkọ́?

Àlọ́ kọ́ là ń pa o. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń gbé nìyẹn ní àárín òkun Pàsífíìkì, òkun tó fẹ̀ jù lọ láyé, tó wà láàárín Éṣíà àti Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ kéékèèké tí omi yí ká ni wọ́n ń gbé. Orílẹ̀-èdè Solomon nìkan ní erékùṣù tó ju 900 lọ. Ohun tá a fẹ́ bá yín sọ lónìí ni bí rédíò, kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe di ara ohun èlò ìlera fún àwọn èèyàn yìí, àti bí fóònù kan náà ṣe bá wọn dá kún ọ̀fọ̀ ní ọdún 2019. Ẹ fara balẹ̀ kà á, torí ọ̀rọ̀ náà kan ilé tiwa náà.

Kẹ́kẹ́ pa lẹ́yìn ìjì

Ní ọjọ́ 28, oṣù Kejìlá, ọdún 2002, ìjì líle kan tí wọ́n sọ ní Zoe kọlu Tikopia àti Anuta, erékùṣù kéékèèké méjì tó wà ní ìpẹ̀kun ìlà oòrùn Solomon. Ìjì náà wà lára àwọn tó le jù lọ tí wọ́n tíì rí ní gúúsù òkun Pàsífíìkì. Láti Tikopia dé Honiara, tó jẹ́ olú ìlú wọn, ó tó 1,000 kìlómítà, omi sì ni gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ìjì náà kọjá, kẹ́kẹ́ pa. Kò sí rédíò tó ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n lè fi ké gbàjarè. Báálù tó fò kọjá lókè rí ilé tó ti wó àti igi tó ti ya, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú rẹ̀ ò lè sọ bóyá ẹni tó lé ní 1,000 tó ń gbé níbẹ̀ ṣì wà láàyè. Ẹ fojú inú wo ọmọ Tikopia tó ń ṣiṣẹ́ ní Honiara, tí ìyá rẹ̀ wà nílé. Kò mọ̀ bóyá kóun sunkún ni, kò sì mọ̀ bóyá kóun máa dúpẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kan kí àlejò kankan tó fẹsẹ̀ tẹ erékùṣù náà. Ọkọ̀ ojú omi tí ìjọba fi kó oúnjẹ àti oògùn ránṣẹ́ kò dé títí wọ́n fi wọ oṣù Kìíní ọdún 2003.

Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé ẹnì kan ṣoṣo ò kú. Ìmọ̀ tí wọ́n jogún lọ́dọ̀ àwọn baba ńlá wọn ló kó wọn yọ. Bí wọ́n ṣe rí i pé ìjì náà ń le sí i, wọ́n kó arúgbó àti ọmọdé kúrò ní etí òkun, wọ́n gun òkè, wọ́n sá pamọ́ sábẹ́ àpáta àti sínú ihò òkúta. Ẹ̀yin àgbà, ẹ rí i pé ọgbọ́n àtijọ́ kì í ṣe ohun àmúṣeré. Ṣùgbọ́n ká ní aboyún kan ń rọbí lọ́jọ́ yẹn tí ẹ̀jẹ̀ ò dá, ọgbọ́n yẹn ò lè bá wọn pe dókítà.

Rédíò tó ń gbèsì

Ẹ̀yin àgbà lẹ pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, torí ó ń bá wa sọ̀rọ̀, àwa ò sì lè dá a lóhùn. Rédíò mìíràn wà tó ń gbèsì. Láti ọdún 1971 ni Yunifásítì Hawaii ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní PEACESAT. Sátẹ́láìtì kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti fi ṣe àyẹ̀wò tán ni wọ́n lò, kí àwọn olùkọ́ àtàwọn oníṣẹ́ ìlera ní oríṣiríṣi erékùṣù lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Nígbà tó di ọdún 2001, àwọn ará Solomon náà gbé tiwọn kalẹ̀, wọ́n pè é ní PFnet. Ìjà abẹ́lé ṣì ń da orílẹ̀-èdè náà láàmú nígbà yẹn, owó ò sí, wáyà tẹlifóònù ò sì dé ọ̀pọ̀ abúlé. Ohun tí wọ́n ṣe ò ṣòro yé. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, rédíò kan, bátìrì àti páńẹ́lì sólà tó ń gba agbára lára oòrùn lọ sí ilé ìwé tàbí ilé ìwòsàn abúlé. Irú ìgbì rédíò tí wọ́n ń lò yìí ò nílò òpó gíga. Ńṣe ló ń fò lọ sókè réré, tí òfuurufú á dá a padà sílẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn, bí ìgbà téèyàn ju bọ́ọ̀lù lu àjà tó sì bọ́ sí igun kejì yàrá.

Ó lọ́ra gan-an o. Kò lè gbé fídíò. Lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ ló ń gbé lọ sí Honiara, ibẹ̀ ló ti ń bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀, lẹ́tà tó máa ń dúró de ọkọ̀ ojú omi fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé lọ́jọ́ kan náà. Nọ́ọ̀sì tí oògùn ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ lè kọ̀wé kó béèrè. Bàbá tí ọmọ rẹ̀ ń kàwé ní olú ìlú lè gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá ò pàdánù, torí ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà á bá a tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ yìí gan-an ló wù wá kẹ́ ẹ kíyè sí. Ará abúlé ni. Wọ́n mọ ilé tí wọ́n bí i sí. Bó bá sọ pé dókítà ní kẹ́ ẹ gbé ọmọ yìí wá kíákíá, wọ́n á gbé e. Ẹ̀rọ lásán ò lè ṣe èyí, ìgbẹ́kẹ̀lé ló ń ṣe é.

Irú rẹ̀ náà ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Vanuatu ní oṣù Kejìlá ọdún 2018. Ìjọba ibẹ̀ àti àjọ UNICEF fi dróònù, ìyẹn ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò ní awakọ̀, gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára nínú àpótí tútù lọ sí abúlé kan ní erékùṣù Erromango, níbi tí kò ti sí iná mànàmáná. Ó fò tó bí 40 kìlómítà lórí òkè àti igbó tí wọ́n máa ń fẹsẹ̀ gbà fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ó sì débẹ̀ láàárín bí ìṣẹ́jú 25. Ọmọ 13 àti aboyún márùn-ún ló gbà á lọ́jọ́ náà. Gbogbo èèyàn ló ń pariwo dróònù, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tí àwọn ìyá mọ̀ ló gún abẹ́rẹ́ náà.

Aṣọ pupa lẹ́nu ọ̀nà

Ẹ jẹ́ ká kúrò níbi tí ìròyìn ò ti dé, ká lọ síbi tí irọ́ ti tètè dé. Samoa náà wà nínú òkun Pàsífíìkì, bí 200,000 èèyàn ló sì ń gbé níbẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2018, ọmọ ọwọ́ méjì kú lẹ́yìn tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ìyẹ̀fun ni abẹ́rẹ́ náà, omi pàtàkì kan ni wọ́n fi ń pò ó. Lọ́jọ́ burúkú yẹn, oògùn tó ń mú iṣan rọ̀, tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, ni àwọn nọ́ọ̀sì fi pò ó dípò omi. Abẹ́rẹ́ náà ò ní àléébù, àṣìṣe ọwọ́ èèyàn ni.

Ṣùgbọ́n kí àlàyé yìí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, Facebook ti gba ọ̀rọ̀ náà kan. Àwọn tó ń ta ko abẹ́rẹ́ àjẹsára, nílé àti lókè òkun, ń sọ fún àwọn ìyá pé abẹ́rẹ́ ló ń pa ọmọ. Ìjọba náà dá ètò àjẹsára yìí dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù, ẹ̀rù sì ba àwọn òbí. Àwọn ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ èèyi wá dín kù dé nǹkan bí 31 nínú 100 ní ọdún 2018.

Ẹ̀yin ìyá àgbà mọ èèyi dáadáa. Ibà líle, ojú pípọ́n, ikọ́, kí ara ọmọ tó sú. Nínú gbogbo àrùn, díẹ̀ ló ń ràn tó o. Èémí ẹni tó ní in lè wà nínú yàrá fún wákàtí méjì lẹ́yìn tó ti jáde. Ó wọ Samoa ní ìdajì kejì ọdún 2019, ó sì bá àwọn ọmọ tí kò ní ààbò. Èèyàn tó lé ní 5,700 ló mú, 83 nínú wọn kú, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù. Bí ọmọ ṣe ń kú, bẹ́ẹ̀ làwọn kan ń polówó omi kan àti ewé ìbẹ́pẹ lórí fóònù fún àwọn ìyá tí ọkàn wọn ti dàrú.

Ní ọjọ́ 5 àti 6, oṣù Kejìlá ọdún 2019, ìjọba ti gbogbo ìlú pa. Wọ́n ní kí ilé tí ẹnì kan nínú rẹ̀ ò tíì gba abẹ́rẹ́ fi aṣọ pupa kọ́ ẹnu ọ̀nà. Àwọn nọ́ọ̀sì ń lọ láti ilé dé ilé, ibi tí wọ́n bá ti rí aṣọ pupa ni wọ́n ń yà sí. Kí ọdún náà tó parí, nǹkan bí 95 nínú 100 àwọn tó yẹ kó gbà á ló ti gbà á. Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á bá a. Òótọ́ bá irọ́ ní Samoa lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ti lọ ò padà wá mọ́.

Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín wọn o. Ẹ rántí oṣù Kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí Ebola ti wọ Èkó. Mélòó nínú wa ni fóònù wa kò dún lóru, tí wọ́n ní ká fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, ká sì mu níbẹ̀? Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó kéré tán, èèyàn méjì ló kú nílẹ̀ yìí nítorí omi iyọ̀ yẹn. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ sí wa fẹ́ràn wa, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Nígbà tí wáyà abẹ́ òkun já

Ní ọjọ́ 15, oṣù Kìíní, ọdún 2022, òkè ayọnáyèéfín kan bú gbàù lábẹ́ òkun nítòsí Tonga, ìgbì òkun sì ya wọ àwọn abúlé. Wáyà tó gba abẹ́ òkun láti Fiji, tó tó 800 kìlómítà, tó ń gbé fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì wọn, já. Ọ̀pọ̀ ọmọ Tonga ló wà ní New Zealand, Ọsirélíà àti Amẹ́ríkà, owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé sì ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń jẹun. Fún ọjọ́ mélòó kan, wọn ò gbóhùn bàbá, wọn ò gbóhùn ìyá. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní London tàbí Houston, ẹ mọ bí ọkàn á ṣe rí. Sátẹ́láìtì ni wọ́n fi ń rọ́gbọ́n dá títí wọ́n fi tún wáyà náà ṣe ní ọjọ́ 22, oṣù Kejì. Wáyà tó lọ sí àwọn erékùṣù wọn tó jìnnà lò ju ọdún kan lọ kó tó padà bọ̀ sípò.

Ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2017, iléeṣẹ́ rédíò ìjọba Ọsirélíà ti dáwọ́ dúró lórí ìgbì kúkúrú tó ń dé àwọn erékùṣù yìí, torí wọ́n ní ohun ìgbàlódé ti wà. Àwọn ará erékùṣù pariwo nígbà yẹn pé ohun ìgbàlódé náà lè kú lọ́jọ́ tí ìjì bá jà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Tonga jẹ́ kó hàn pé ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe àsọdùn.

Kí lẹ lè mú nínú èyí lọ sílé?

Èkíní, ẹ kọ nọ́ńbà nọ́ọ̀sì, ọsibítù àti ọmọ yín sínú ìwé, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ kú ò mọ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni.

Èkejì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá yín ju rédíò kékeré yẹn nù. Ẹ ra bátìrì tuntun sílẹ̀ fún un.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo káàdì àjẹsára ọmọ yín lónìí. Oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún ló yẹ kí ọmọ gba abẹ́rẹ́ èèyi nílẹ̀ wa. Bí ọ̀kan bá ti fò, ẹ mú un lọ, ẹ má sọ pé ó ti pẹ́ jù.

Ẹ̀kẹrin, bí ọ̀rọ̀ ìlera bá wọlé sórí fóònù yín, ẹ má tíì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ mọ̀ lójúkojú, kẹ́ ẹ bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ lèyí?" Bó bá ní irọ́ ni, ẹ̀yin àgbà ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ síta, torí ọmọ ilé á gbọ́ tiyín ju ti ẹni tí kò mọ̀ rí lọ.

Ní abúlé Solomon, ẹnì kan ló ń jókòó ti ẹ̀rọ fún gbogbo ìlú, wọ́n sì gbà á gbọ́. Nínú ilé tiyín, ẹ̀yin ni ẹni yẹn.