Ìbòrí Ayùn Oníná: Kí Ìyá Tó Fi Ọmọ Sẹ́nu Iṣẹ́

Ẹ̀yin ìyá, bí a bá fẹ́ fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́ káfíńtà, owó ìkọ́ṣẹ́ àti iye ọdún tí yóò lò ni a sábà máa ń bèèrè. Ìbéèrè kẹta wà tí ó ṣe pàtàkì ju méjèèjì lọ: ǹjẹ́ ayùn oníná ọ̀gá náà ní ìbòrí?

Ohun tí mo rí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo lọ ṣe àdéhùn kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná lọ́dọ̀ káfíńtà kan. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, tí kò lè ju ọmọ ọdún 16 lọ, ń fi ọwọ́ lásán ti pákó sẹ́nu ayùn tí ń yí bíríbírí. Ìbòrí ayùn náà wà lára ògiri, wọ́n fi ìṣó gbé e kọ́ bí àwòrán. Mo bèèrè ìdí rẹ̀. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, ìbòrí yẹn a máa dí wa lójú, a sì máa fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ẹni tó bá mọṣẹ́ kò nílò rẹ̀." Bí ó ti nawọ́ sí ìbòrí náà, mo rí i pé ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ kò ní orí mọ́.

Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìbòrí tí eruku bò a máa dí ni lójú. Bí a bá sì ń la ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ sára pákó láìgé e já, ìbòrí mìíràn kò ní gbà. Ṣùgbọ́n a lè nu eruku nù. Ẹni tó bá sì yọ ìbòrí fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dá a padà kí ó tó gé pákó mìíràn.

Ní Ọ̀yọ́ tí mo ti ń kọ́ni, mo máa ń wo àwọn tó ń fín igbá. Ọ̀bẹ wọn mú, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá dúró, ọ̀bẹ dúró. Ayùn oníná kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè yí ní ìgbà 3,000 sí 4,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, bí a bá sì pa á, yóò ṣì máa yí fún ìgbà díẹ̀. Bí pákó bá fún un mọ́ra, eyín rẹ̀ tó wà lẹ́yìn lè gbé pákó sókè, kí ó sọ ọ́ lu ẹni tó ń ṣiṣẹ́, kí ọwọ́ sì yọ̀ sẹ́nu ayùn. Ìmọ̀ iṣẹ́ kò lè yára tó èyí.

Ohun tí ó yẹ kí ìyá wò nìwọ̀nyí:

1. Kí ìbòrí wà lórí ayùn, kí irin pẹlẹbẹ tí kì í jẹ́ kí pákó fún un sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

2. Kí wọ́n máa fi igi ti pákó kékeré, kì í ṣe ìka.

3. Kí ọmọ má wọ ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gbọọrọ tàbí ìbọ̀wọ́ nídìí ayùn. Ayùn lè tibẹ̀ fa ọwọ́ wọlé.

4. Bí iná bá lọ, kí wọ́n pa ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá gbàgbé, ayùn lè bẹ̀rẹ̀ sí yí fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá dé.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ gírígírí, kí ẹ sì gbé ọwọ́ sókè. Ìka tó já, ẹ fi aṣọ mímọ́ tí omi rin díẹ̀ wé e, ẹ fi sínú ọ̀rá, ẹ di ẹnu rẹ̀, kí ẹ wá gbé ọ̀rá náà sórí yìnyín. Yìnyín kò gbọdọ̀ kan ìka fúnra rẹ̀. Ẹ sáré dé ilé ìwòsàn.

Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1987 lórí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ní kí a fi ohun ààbò bo ibi eléwu lára ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n kí òfin tó dé sọ́ọ̀bù, ìyá tàbí oníbàárà ti lè débẹ̀. Mo sọ fún ọ̀gá yẹn pé n kò ní san àsansílẹ̀ títí ìbòrí yóò fi padà sórí ayùn. Ó kùn, ó sì dá a padà. Kọ́bọ́ọ̀dù mi fi ọjọ́ méjì pẹ́, mo sì fi ayọ̀ dúró dè é. Bí pákó bá bàjẹ́, a ó ra òmíràn. Ìka ọmọ kò sí lọ́jà.