Ìtọ́jú Ilé Àtijọ́ àti Ibi Ìrántí ní Ilẹ̀ Ìgbómìnà Ọ̀ṣun

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìdílé ni wọ́n ní lọ́kàn, kì í ṣe amọ̀ àti igi. Síbẹ̀, ó yẹ kí ènìyàn bi ara rẹ̀ léèrè pé bí ilé tí a fojú rí bá wó tán, tí a kò sì mọ ojú ibi tí ó dúró sí mọ́, kí ni ọmọ tí a bí lẹ́yìn ìgbà náà yóò máa wò? Ìbéèrè yìí kan Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lápapọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ìgbómìnà tó wà ní ìhà àríwá ìpínlẹ̀ náà, níbi tí Ìlá-Ọ̀ràngún, Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà wà, ni àlàyé yìí dá lé, nítorí pé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù hàn kedere níbẹ̀.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ìlá sọ pé nígbà tí Fágbàmílà Ajagunńlá, ọmọ Odùduwà, ń kúrò ní Ifẹ̀, baba rẹ̀ fún un ní ogbó, ogbó náà ni ó sì fi ń lànà nínú igbó. Ogbó tó mọ̀nà yìí ni wọ́n ní ó di Ìgbómìnà. (Onímọ̀ ẹ̀dá-èdè lè sọ pé ìyípadà ìró bẹ́ẹ̀ kò rọrùn láti ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ìtàn náà kò tìtorí èyí dínkù lójú àwọn tó ni ín.) Ìlú tí ó tẹ̀ dó kò dúró sí ojú kan. Ọ̀kan nínú àwọn ibùdó àtijọ́ náà ni Ìlá-Yàrà, láti ibẹ̀ ni ìtàn sì sọ pé ìdílé ọba ti pín sí méjì, tí apá kan lọ tẹ Ìlá-Ọ̀ràngún dó, tí apá kejì lọ tẹ Òkè-Ìlá dó. Ìdí nìyí tí ọba ìlú méjèèjì fi ń jẹ́ Ọ̀ràngún títí di òní.

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé orúkọ Ìlá-Yàrà ń sọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Yàrà ni kòtò gígùn tí a gbẹ́ yí ìlú ká fún ààbò. Erùpẹ̀ tí a bá kó jáde nínú rẹ̀ ni a sì fi ń mọ odi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Aribidesi Usman, ọ̀mọ̀wé tó ń walẹ̀ wádìí ìtàn ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ti ṣiṣẹ́ ní ibùdó yìí. Irú ibi bẹ́ẹ̀ kò ní òrùlé tí àlejò lè dúró sí iwájú rẹ̀ kí ó ya àwòrán. Òkìtì odi, àpáàdì, ibi tí iná àdògán ti jó rí, ìwọ̀nyí ni ìwé ìtàn tí a lè kà níbẹ̀. Ó sì rọrùn láti pa á rẹ́. Àgbẹ̀ tó fi katakata túlẹ̀ kò ní ìtàn sínú. Oúnjẹ ni ó ń wá. Ẹni tó kó erùpẹ̀ odi láti fi dí kòtò ojú ọ̀nà kò mọ̀ pé òun ti ya ojú ewé kan. Bí kò bá sí àmì, tí kò sí àwòrán ilẹ̀ tí ó fi ààlà ibẹ̀ hàn, a kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ilé amọ̀ ní tirẹ̀ kì í kú lójijì. Orí àti ẹsẹ̀ ni ikú rẹ̀ ti ń wá. Ní ayé àtijọ́, koríko bẹẹrẹ ni a fi ń bo òrùlé, tí imú òrùlé náà gùn jáde dáadáa kí òjò má baà kan ara ògiri. Àwọn ará ilé a máa tún un bò lóòrèkóòrè, iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ sì ni. Nígbà tí páànù dé, a rò pé ìṣòro tán. Ṣùgbọ́n páànù tí ìjì ṣí nílẹ̀ kan, tí kò sẹ́ni tó kàn án padà, a máa pa odindi yàrá láàárín ọdún díẹ̀. Àṣìṣe mìíràn tún wà tí a ń fi ọkàn rere ṣe. Ọmọ tó wà ní Èkó a fi owó ránṣẹ́ pé kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ilé baba òun kí ó lè rẹwà. Ògiri amọ̀ a máa fa omi, a sì máa mí i síta. Sìmẹ́ǹtì a dé e mọ́nú. Kò pẹ́ tí sìmẹ́ǹtì náà yóò fi máa ṣí ní pẹlẹbẹ, tí amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ yóò ti rà. Amọ̀ tí a pò kúnná ni ó yẹ kí a fi rẹ́ amọ̀. Nígbà tí ilé náà bá sì wó, àwọn ará ilé a ní amọ̀ kò dára.

Bí ilé bá lọ, àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ a bá a lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò dé agbo ilé rí kò lè mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, akódì àti kọ̀bì bí kò ṣe nínú ìwé. G. J. Afọlábí Òjó ṣe ìwé kan lórí ààfin ọba Yorùbá ní 1966. Púpọ̀ nínú àwọn ààfin ilẹ̀ wa ni a sì ti fi búlọ́ọ̀kù tún kọ́ láti ìgbà náà. Kò sí ẹni tó lè ní kí ọba máa gbé inú ilé tó ń jò. Ohun tó dunni ni pé a sábà máa ń wó ti àtijọ́ kí a tó wọ̀n ọ́n, kí a tó yà á, kí a tó bi àwọn ìyá àgbà inú ààfin léèrè orúkọ àgbàlá kọ̀ọ̀kan.

Òpó ilé ńkọ́? Nínú ohun gbogbo tó wà lára ilé Yorùbá, òun ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù láti jáde. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ ní Èkìtì. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ibi àfihàn ńlá ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù, British Museum sì fi àga oyè tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Òpó kan láti ààfin yẹn náà wà ní Chicago ní Amẹ́ríkà. Ẹnìkan lè ní ikán ì bá ti jẹ wọ́n bí wọ́n bá dúró sílé. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n òpó tí kò gbé òrùlé mọ́ ti di ère lásán. Àgbàlá tí ó dúró sí ni ó sọ ọ́ di òpó.

Ìlá mọ irú iṣẹ́ yìí dáadáa, nítorí ìlú àwọn Fákẹ́yẹ ni. Lámídì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ jáde láti inú ìdílé agbẹ́gilére ní Ìlá, ó tún kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ George Bándélé, ọmọ Àrẹ́ògún ará Òsì. Òun ni ó gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ ní 1987. UNESCO bu ọlá fún un ní 2006, ó sì dolóògbé ní 2009. A mọyì ọmọ, ó tọ́ bẹ́ẹ̀; ó yẹ kí a mọ ilé tí a ti fi àáké lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú.

Òfin kò ṣàìsí. Ní 1953 ni ìjọba kọ́kọ́ ṣe òfin tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà. Ní 1979 ni a dá àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ibi ìrántí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò fi yé akẹ́kọ̀ọ́ ni pé òfin ìpìlẹ̀ 1999 kò gba ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Ibi ìrántí tí a bá kéde gẹ́gẹ́ bí ti orílẹ̀-èdè ni ó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Èyí tí a kò kéde bẹ́ẹ̀, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ní àṣẹ láti ṣe òfin lé e lórí. Èyí fi hàn pé Òṣogbo lè dáàbò bo yàrà Ìlá láìdúró de Àbújá.

Àmọ́ kí a má tan ara wa jẹ: ìkéde nìkan kì í gbé ilé dúró. Ní 1956 ni a kéde Ìlójò Bar ní Èkó, ilé tí àwọn tó ti oko ẹrú ní Bràsíìlì padà fi iṣẹ́ ọnà wọn kọ́, gẹ́gẹ́ bí ibi ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ni orúkọ rẹ̀ fi wà nínú ìwé ìjọba.

Ẹ wá fi Èsìẹ́ wé e. Ìgbómìnà ni Èsìẹ́; ààlà tí ìjọba amúnisìn fà ló fi í sí ìhà Ìlọrin, tó fi Ìlá sí ìhà gúúsù. Ní 1933 ni ìròyìn ère òkúta tó lé ní 800 níbẹ̀ dé etí ìjọba, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú ti ń bọ wọ́n kí òyìnbó tó gbọ́. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a ṣí síbẹ̀ ní 1945 ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ náà ni igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo: kí a tó kéde rẹ̀ ní 1965, kí UNESCO tó fi í sínú ìwé ohun ìní àgbáyé ní 2005, ó ti ní Àtáọ́ja, ó ti ní àwọn olórìṣà, ó sì ti ní èèwọ̀ pé a kò gbọdọ̀ dọdẹ níbẹ̀. Olùṣọ́ ni ó kọ́kọ́ wà. Ìwé ìjọba wá tẹ̀ lé e.

Nítorí náà, bí Ọ̀ṣun bá fẹ́ ṣe òfin tirẹ̀, kí ó má bẹ̀rẹ̀ láti orí pátákó àmì. Kí ó kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ilé, kí ó sì bi í léèrè ohun tí ó ń dà á láàmú. Páànù díẹ̀ àti owó káfíńtà fún ìdílé tó ń gbé inú ilé náà yóò ṣe é láǹfààní ju ayẹyẹ ìṣílé lọ. Ní ti ìwé àkọsílẹ̀, kò yẹ kí a máa wá amòye láti òkèèrè nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ wà ní Ìlá fúnra rẹ̀. Okùn ìwọ̀n, ìwé àti ẹ̀rọ àwòrán tó fún ìbẹ̀rẹ̀: báwo ni ògiri ṣe ga tó, ta ni ó mọ ọ́n, kí ni orúkọ àgbàlá kọ̀ọ̀kan, ta ni ó gbẹ́ òpó, níbo ni yàrà ti bẹ̀rẹ̀, oko ta ni ó sì wọ̀. Láàárín oṣù Ọ̀pẹ àti oṣù Èrèlé ni kí wọ́n lọ, nígbà tí koríko ti gbẹ lórí odi, tí òjò kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ògiri tí páànù rẹ̀ ti ṣí.